Ṣé ká sọ fún Mọ́mì pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe wọ́n, àbí ká kàn gbé wọn lọ ṣiṣẹ́ abẹ?

Abíkẹ́yìn_Ìrèmọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí oorun ti dá lójú mi láti bí ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mọ́mì mi ni. Ọmọ ọdún 62 ni wọ́n, Ilé-Ifẹ̀ níbí la jọ wà, aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà Odò-Ogbè, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ti rí kókó kan nínú ọmú òsì fún bí oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀, wọn ò sọ fún ẹnì kankan, ọjọ́ kan tí mo ń bá wọn so kọ́mú lẹ́yìn ni ọwọ́ mi kàn án, wọ́n sì yára yọ ọwọ́ mi kúrò bíi pé iná jó wọn. Bá a ṣe gba ọsibítù lọ nìyẹn, wọ́n ya fọ́tò ọmú, wọ́n ṣe skáànù, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì jáde, jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní ipele kejì ni, kò tíì rìn lọ síbòmíì lára.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Lọ́jọ́ tá a lọ gba èsì, Mọ́mì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, dókítà pe èmi àti bùrọ̀dá mi wọlé, ó ṣàlàyé fáwa méjèèjì pé ọ̀nà méjì ló wà, kí wọ́n gé gbogbo ọmú náà, tàbí kí wọ́n yọ kókó yẹn nìkan kí wọ́n wá lọ fi iná radiotherapy tọ́jú èyí tó kù, ó ní ká lọ rò ó ká wá sọ èyí tá a fẹ́. Àwa o. Ẹni tó ni ọmú wà lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tá a jáde, Mọ́mì ní kí ni wọ́n wí, bùrọ̀dá mi ní "kókó lásán ni Mọ́mì, wọ́n á kàn yọ ọ́ ni." Mọ́mì wo ojú mi. Mo wolẹ̀.

Báyìí bùrọ̀dá mi, Èkó ló ń gbé, ti ní kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí, òun á sáìnì, òun lòun á sanwó. Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì tó wà n'Íléṣà ní tá a bá dárúkọ jẹjẹrẹ sí wọn létí, ìpayà ẹ̀ ló máa pa wọ́n kí àìsàn tó débẹ̀. Èmi ni mo kéré jù nínú wọn, ẹnu mi ò tólẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé obìnrin yìí máa wọ tíátà pẹ̀lú èrò pé kókó kékeré ni, ó máa jí, kò ní rí ọmú ẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá_Òkèṣà

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, Olúwa á wo màmá ẹ sàn. Tèmi ni pé ẹ má sọ.

Ìyàwó mi ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ mú lọ́dún 2015. Dókítà kan dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, àwọn aláìsàn mẹ́fà míì ń gbọ́, ó sọ ọ́ lóyìnbó kí nọ́ọ̀sì tó túmọ̀ ẹ̀, ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ní ẹ ti pẹ́ jù kí ẹ tó wá, ó bọ́ sídìí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìyàwó mi ò fi jẹun. Ó ní ká máa gbé òun relé, pé tí wọ́n bá ti ní ó ti pẹ́, kí la tún ń náwó sí. A gbé e wá sílé n'Íléṣà níbí, kò pé oṣù márùn-ún. Títí di òní mo ṣì ń rò ó pé ká ní wọn ò sọ ọ́ sí i létí, bóyá ì bá gbà kí wọ́n tọ́jú òun. Ẹ jẹ́ kí ọkàn màmá ẹ balẹ̀, kó ráyè gba ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì

Bàbá Òkèṣà, ẹ kú ará fẹ́ra kù sà. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an. Àmọ́ bí mo ṣe kà á, kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ ló gé ìrètí ìyàwó yín, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni. Wọ́n sọ ọ́ lójú èrò, lédè tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n ní ó ti pẹ́, wọn ò sọ ohun tó ṣì ṣeé ṣe. Kódà tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ bá ti pẹ́, wọ́n ṣì lè fi radiotherapy dá ẹ̀jẹ̀ tó ń dà dúró, oògùn wà tí ìrora ò fi ní máa jẹ gàba lórí èèyàn. Ta ló jókòó ti ìyàwó yín sọ ìyẹn fún wọn? Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó ti parí, kí ló máa dúró ṣe ní ọsibítù?

Abíkẹ́yìn, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo wà. Ohun tí ò ń bẹ̀rù yẹn, mo ti rí i. Obìnrin kan jí, ọwọ́ ẹ̀ lọ sí àyà, ó bá báńdéèjì pẹlẹbẹ níbi tí ọmú wà. Kò pariwo. Ó kọjú sí ògiri. Àwọn ọmọ tó sáìnì fún un wá kí i, kò dá wọn lóhùn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìgbà tó máa bá mi sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ kan ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ọmú ni mò ń sunkún ẹ̀, wọ́n fà mí lọ sídìí ọ̀bẹ bí ewúrẹ́." Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2014, abala 23, ló sọ pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn náà bí ara ẹ̀ ṣe rí, oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní ìkọ̀ọ̀kan, ewu ibẹ̀, iye tó máa ná an, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò ṣe. Wọ́n tún ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ lédè tó gbọ́, kí wọ́n wo bó ṣe kàwé tó. Lọ́dún 2018 ìjọba tún gbé ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn jáde, nǹkan kan náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni òfin yẹn yọ sílẹ̀, tí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé sísọ ọ́ lòdì sí ire aláìsàn náà. Ẹ̀rí tó lágbára ni wọ́n wí o, kì í ṣe pé àyà àwọn ọmọ ń já. Ẹni tó bá sì ti dàgbà, tí iyè ẹ̀ pé, tó lè sọ tẹnu ẹ̀, òun ló ń sáìnì fún iṣẹ́ abẹ ara ẹ̀. Kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe àkọ́bí, kì í ṣe ẹni tó ń sanwó.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí o lọ bá wọn lójijì kí o ju ọ̀rọ̀ lé wọn lórí. Bi wọ́n kọ́kọ́. Ní ìwọ̀nba ẹ̀yin méjèèjì, ní ibi tó dákẹ́, bi wọ́n pé "Mọ́mì, kí lẹ rò pé ó ń ṣe ọmú yín?" Wàá gbọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀. Lẹ́yìn náà kí o wá ní "Ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún yín fúnra yín, àbí ẹ fẹ́ kó bá ọ̀kan nínú wa sọ ọ́?" Àwọn kan máa ní ẹ bá ọmọ mi sọ ọ́, èmi ò fẹ́ gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn ló yàn án. Àwọn míì fẹ́ gbọ́ díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ bi wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá sì máa dárúkọ jẹjẹrẹ, ẹ má dúró lórí orúkọ yẹn. Létí àwọn èèyàn wa ikú ni ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́. Ẹ sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò tíì rìn, pé wọ́n lè tọ́jú ẹ̀, pé ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú dẹ́rù bà yín, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láti fi rò ó kì í sábà ba nǹkan jẹ́ nínú jẹjẹrẹ ọmú, dídúró oṣù lórí oṣù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan míì tó kàn yára wá sọ́kàn mi, ti àgbo. Aláìsàn tí wọn ò bá sọ òótọ́ fún, òun náà kì í sọ òótọ́ fún dókítà. Mo mọ àwọn tó ń mu àgbo lábẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba kíímò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ̀dọ̀ wọn ń bàjẹ́, dókítà ò sì mọ ibi tó ti wá.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́dákẹ́kẹ́

Èmi ni aláìsàn gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu tèmi. Ọdún 2018, ọmọ ọdún 44 ni mí, ọmú ọ̀tún. Ọkọ mi ni dókítà kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi ló ní rárá o, ẹ bá a sọ ọ́, ara tiẹ̀ ni. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn láéláé. Ẹ̀rù bà mí o, mo sunkún láti ọsibítù dé ilé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mò ń bá jà.

Abíkẹ́yìn, ọ̀nà méjì tí dókítà sọ yẹn kì í ṣe pé ọ̀kan dáa ọ̀kan ò dáa. Wọ́n tọpa àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú tiwọn ò tíì pẹ́, l'Amẹ́ríkà àti ní Ítálì, fún ogún ọdún, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2002, àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọmú fún àti àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan fún tí wọ́n sì fi iná radiotherapy tọ́jú, ẹ̀mí wọn gùn bákan náà. Torí náà ẹni tó bá ní "ẹ gé gbogbo ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí" kò tíì gbọ́ tán. Nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba lórí ẹ̀mí, kí ló kù tá a máa fi yàn? Ìgbé ayé ẹni tó ni ara ló kù. Ìyẹn sì rèé, màmá yín nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Tí wọ́n bá yọ kókó nìkan, radiotherapy pọn dandan, Mọ́ńdè sí Fúráìdè lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà míì ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nígbà tèmi, ọsibítù UCH n'Íbàdàn ni wọ́n ní kí n lọ, kò sì sí bí mo ṣe lè máa ti Ifẹ̀ lọ Ìbàdàn kí n máa bọ̀ lójoojúmọ́, mo máa gba yàrá síbẹ̀ ni. Àwọn ìbejì mi ò tíì pé ọdún mẹ́fà. Mo ní kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí mo bá pàdé nídìí kíímò, ipele kan náà pẹ̀lú mi, yan èkejì, ó ní ọmú òun ṣe pàtàkì sí òun, àbúrò ẹ̀ sì ń gbé n'Íbàdàn. Àwa méjèèjì ṣì wà láyé, a máa ń pera wa. Ẹ má fi tèmi ṣe tiyín o.

Àwọn ohun tí mo bá dókítà sọ, inú ìwé ẹsasáìsì ọmọ mi ni mo kọ wọ́n sí kí n tó lọ, torí tí èèyàn bá ti jókòó síwájú dókítà gbogbo ẹ̀ á fò lọ lórí. Mo bi í pé tí mi ò bá ṣe nǹkan kan rárá ńkọ́? Mo bi í pé ṣé wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì ER, PR àti HER2 lára ẹran tí wọ́n gé yẹn? Tẹ́ẹ̀sì yìí ṣe pàtàkì gan-an, òun ló ń sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́. Tèmi jẹ́ irú èyí tí ohun tó ń mú obìnrin ṣe nǹkan oṣù ń bọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo tamoxifen lójoojúmọ́, wọ́n ní ọdún márùn-ún ó kéré tán, ó lè tó mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ HER2 ni, oògùn míì wà fún un, owó ẹ̀ ga. Ẹ béèrè bóyá kíímò máa ṣáájú iṣẹ́ abẹ tàbí ó máa tẹ̀ lé e. Irun á re, ó máa ń hù padà.

Mọ́mì yín ń ta aṣọ àbí? Ẹ béèrè nípa kókó abẹ́ apá, àwọn kókó kéékèèké tó wà lábẹ́ apá gbogbo èèyàn, tí jẹjẹrẹ ọmú lè rìn dé. Tí wọ́n bá kó àwọn kókó abẹ́ apá kúrò, apá yẹn lè máa wú, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ìdì aṣọ sókè sódò yẹ kó mọ̀ kó tó gbà. Ẹ ò rí i, bùrọ̀dá yín l'Ékòó ò lè ronú kan ìyẹn láé, kì í ṣe òun ló ń gbé ìdì.

Abíkẹ́yìn_Ìrèmọ

Ẹ ṣé gan-an màmá, ẹ̀yin náà nọ́ọ̀sì. Bàbá Òkèṣà ẹ kú ìrọ́jú. Mo fi ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá mi. Ó fò fẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá, ó ní ẹni tó ń sanwó ló ń sọ ohun tí wọ́n máa rà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bá a sọ ọ́ mọ́.

Òṣómàáló_Ìjámọ̀

Àbúrò, má bá bùrọ̀dá ẹ jà, ìfẹ́ ló ń bá a jà. Èmi náà jẹ́ àkọ́bí, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ohun tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ wa, a fẹ́ tún un ṣe kíá, ká lè sùn.

Ti bàbá mi ni jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ àwọn ọkùnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní prostate, ó ti wọ eegun kí wọ́n tó rí i. Ọmọ ọdún 78 ni wọ́n nígbà yẹn. Dókítà ní ohun tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin lára ló ń bọ́ àìsàn yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró, ọ̀nà méjì ló sì wà, abẹ́rẹ́ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, tàbí kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa ọmọ ṣèpàdé. A ní ká má tiẹ̀ dárúkọ èkejì yẹn sétí wọn, àbùkù ni, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà gidi bíi bàbá wa. A mú abẹ́rẹ́. A rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹta owó ò sí, a ń sáré kiri, egungun ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro Bàbá padà.

Bàbá pè wá jókòó. Wọ́n ní kí lẹ ń sá kiri fún? A jẹ́wọ́. Wọ́n ní kí ni ọ̀nà kejì tí dókítà sọ? A jẹ́wọ́ ìyẹn náà, ojú ń tì wá. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní "ẹ̀yin mẹ́rin ni mo bí, kí ni mo tún fẹ́ fi kóró yẹn ṣe? Ẹ ò bi mí." Wọ́n ní ṣé abẹ́rẹ́ yẹn fi wọ́n sílẹ̀ bí ọkùnrin ni, dókítà ní rárá, méjèèjì ló ń mú nǹkan ọkùnrin rọlẹ̀ bákan náà, ooru á sì máa mú wọn lójijì nínú méjèèjì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, wọ́n kàn fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú ni, ọjọ́ kejì wọ́n wà nílé. Owó tá a ti ná sórí abẹ́rẹ́ nítorí ohun tá a rò pé ó máa dùn wọ́n, owó ilé ni.

Torí náà ti owó tí bùrọ̀dá ẹ ń sọ, òótọ́ ni pé owó wà nínú ẹ̀, àmọ́ ìdí tó fi yẹ kí Màmá mọ iye tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Sọ fún bùrọ̀dá ẹ pé kó fojú inú wò ó pé òun ni wọ́n ń gbé lọ tíátà, tí ọmọ ẹ̀ tó wà nílé ìwé giga ti lọ sáìnì. Sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́, lórí fóònù, má kọ ọ́ sínú mẹ́séèjì.

Àlejò_Ìlọrin

Ẹ kú àdáwọ́jọ ọ̀rọ̀. Ìlọrin ni mo wà ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni wọ́n ti wò mí. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni tèmi, èyí tí wọ́n ń pè ní CML. Ẹni tó bá mọ̀ á mọ̀ pé láti 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ní irú ẹ̀ ní oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù ńlá OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, láti gbogbo ìpínlẹ̀ làwọn èèyàn ti ń wá, mo ti bá ará Maiduguri jókòó pọ̀ níbẹ̀ rí.

Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì lọ́kọ. Dókítà obìnrin tó wò mí ò tíì sọ nípa oògùn tó fi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Mo ní mo fẹ́ bímọ. Ó ní ó dáa kí òun mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí oògùn yìí lè pa ọmọ inú lára, èèyàn ò gbọdọ̀ lóyún lórí ẹ̀. Ó ní ká jọ máa wò ó. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ṣègbéyàwó, èsì ẹ̀jẹ̀ mi ti mọ́ gan-an ó sì ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, ó ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ tí mo bá dá oògùn dúró, pé àìsàn lè padà, pé mo gbọ́dọ̀ máa ṣe tẹ́ẹ̀sì lemọ́lemọ́. Kò ní kí n ṣe é, kò ní kí n má ṣe é. Èmi àti ọkọ mi lọ rò ó fún oṣù méjì. Ọmọbìnrin mi ti wọ prámárì báyìí, mo sì ti padà sórí oògùn mi.

Ká ní àwọn òbí mi ló gba èsì yẹn tí wọ́n fi pamọ́ fún mi, ǹ bá ti lóyún lórí oògùn yẹn láìmọ̀. Ìyẹn ni mo wá sọ.

Abíkẹ́yìn_Ìrèmọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí fún ara mi pé màá padà wá sọ bó ṣe já sí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ to ọjà tuntun. A ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a ń ká aṣọ. Mo bi wọ́n bí Nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n bi wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ dá aṣọ kíká dúró. Wọ́n ní "Jẹjẹrẹ ni. Ìwọ náà kúkú mọ̀." Mo ní ta ló sọ fún yín? Wọ́n ní lọ́jọ́ tá a wọlé lọ bá dókítà, obìnrin tó jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì ti sọ fún wọn pé ti jẹjẹrẹ ni ibi táwọn wà yẹn. Wọ́n ní àwọn ń dúró dè wá ni, pé bí àwa ọmọ ò ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn ò fẹ́ kó ìpayà bá wa. Gbogbo ọjọ́ yẹn tá à ń tan Mọ́mì, Mọ́mì ló ń ṣètọ́jú wa. Mo sunkún lórí àdìrẹ ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni.

Nígbà tí mo dákẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n gbé ni ìwé àwọn tó jẹ wọ́n lówó. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, mẹ́jọ nínú wọn kò sí lákọsílẹ̀, inú orí wọn ló wà, wọ́n ní kí n máa kọ. Ó gbà wá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bùrọ̀dá mi ò lè wá, ṣùgbọ́n ó wà lórí fóònù lọ́jọ́ tá a padà lọ bá dókítà, mo fi í sí sípíkà. Mọ́mì wọlé pẹ̀lú mi, wọ́n jókòó sórí àga tó wà níwájú dókítà, èmi dúró lẹ́yìn. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n ní. Àkọ́kọ́ ni "Dókítà, apá mi ńkọ́? Mò ń gbé ìdì." Ẹ ò bá rí dókítà yẹn, ó fi bírò sílẹ̀, ó mú pépà, ó ya ọmú, ó ya abẹ́ apá, ó ń fi Yorùbá ṣàlàyé bí ẹni pé kì í ṣe òun ló bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí. Ó ní wọ́n máa fi skáànù wo abẹ́ apá dáadáa kí wọ́n tó mọ iye kókó tí wọ́n máa mú. Ó ní èsì ER ti jáde, irú ti Ìyá Ìbejì ni. Bùrọ̀dá mi dá sí i látorí fóònù pé Mọ́mì lè wá sọ́dọ̀ òun kí wọ́n máa lọ gba radiotherapy ní LUTH, ọsibítù ńlá tó wà l'Ékòó, pé láti 2019 ni ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ti wà níbẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí, ó ti lọ ka nǹkan. Mọ́mì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè jókòó sílé ìyàwó ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, kí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, àwọn fẹ́ kí wọ́n gé e. Ohun kan náà tí bùrọ̀dá mi fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni, mo mọ̀. Kò tún jọ nǹkan kan náà mọ́ lójú mi.

Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn lọ́sẹ̀ méjì kí àwọn fi gba gbèsè. Dókítà gbà. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, nọ́ọ̀sì na bírò sí mi, Mọ́mì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ wọn ní kíkún bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Màmá Iléṣà ti dé láti àná, Mọ́mì ló sọ fún wọn fúnra wọn, àwọn méjèèjì jọ sun yàrá kan, mo ń gbọ́ ohùn wọn títí di òru. Túsìdeè tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì, Mọ́mì ní kí n bá àwọn bi yín, rọ́bà tí wọ́n máa ń fi sójú abẹ kí omi lè máa dà sí i yẹn, ṣé wọ́n á gbé e relé?

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè gbé e relé. Ẹ máa wọn omi tó bá wọ inú ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, tó bá ti dín kù dáadáa fún ọjọ́ bíi méjì léra wọn, wọ́n á yọ ọ́. Ẹ wá búláòsì tó ní bọ́tìnnì níwájú fún wọn, torí wọn ò ní lè gbé apá sókè fi wọ aṣọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bá mi kí Mọ́mì.

Bàbá_Òkèṣà

Ẹ bá mi kí wọn pẹ̀lú. Mo máa fi wọ́n sínú àdúrà lọ́jọ́ Túsìdeè.